Àwọn ilé tí ò lórùlé mọ́ ní Slievemore, kí ló ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ni wọ́n?

Àlejò Mayo:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Mayo ni mo wà, lápá ìwọ̀ oòrùn Ireland níbí. Sátidé tó kọjá mo dé erékùṣù Achill, mo rìn dé ẹsẹ̀ òkè Slievemore, mo wá bá ilé olókùúta bíi 80 sí 100 tó tò lọ bẹẹrẹ, kò sí òrùlé lórí ìkankan, àgùntàn nìkan ló ń jẹ̀ kiri. Ó ká mi lára gan-an. Ṣé ogun ló lé wọn ni? Mo tún rí ìlà gígùn gígùn lábẹ́ koríko bí ebè oko, kí nìyẹn? Àti pé kí ló dé tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní townland nígbà tí ò sí táùn kankan níbẹ̀?

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ebè ni lóòótọ́, ẹ ò ṣìrí. Pòtétò ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Wọ́n á tẹ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí koríko òkun sílẹ̀, wọ́n á to pòtétò lé e, wọ́n á wá fi ọkọ́ yí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé e lórí. Òjò ibẹ̀ pọ̀, inú poro lomi á gbà lọ. Ilẹ̀ tó kan tálákà ò tó nǹkan, pòtétò nìkan ló lè bọ́ ilé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó bá kù ìṣákọ́lẹ̀ ló ń bá lọ. Lọ́dún 1845 àrùn wọ pòtétò, ewé ẹ̀ dúdú, ó jẹrà sínú ilẹ̀. Ìyàn yẹn mú títí di nǹkan bíi 1852, ó pa èèyàn bíi mílíọ̀nù kan, bíi mílíọ̀nù kan míì wọkọ̀ òkun lọ. Tí mo bá rí ebè tó gòkè lọ síbi tí ọkọ́ ò yẹ kó dé, inú mi máa ń bàjẹ́, torí ebi ló tì wọ́n débẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n kúrò o. Ebi wà ńbẹ̀, lílé tí onílẹ̀ ń lé èèyàn wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ sún lọ sí Dooagh létí òkun kí wọ́n lè rí ẹja pa. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ ilé wọn sílẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé wọ́n á da màlúù padà lọ jẹko níbẹ̀, wọ́n á sùn tì wọ́n, buaile ni wọ́n ń pè é. Tóo bá tún lọ, wo ara ògiri dáadáa, wàá rí òrùka tí wọ́n ń so màlúù mọ́ nínú ilé.

Ti townland yẹn, má jẹ́ kí "town" tàn ẹ́. Baile fearainn ni lédè wọn, ilẹ̀ tó lórúkọ tó sì ní ààlà, ó lé ní 60,000 káàkiri Ireland. Orúkọ yẹn gan-an máa ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí: Sliabh Mór ni Slievemore, òkè ńlá nìyẹn.

Àlejò Mayo:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé mo lè rí orúkọ àwọn tó gbé ibẹ̀?

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ wá Griffith's Valuation, ìwé tí wọ́n fi díye lé ilẹ̀ àti ilé káàkiri Ireland, láàárín 1847 sí 1864 ni wọ́n gbé e jáde, townland kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to orúkọ àwọn tó ń sanwó ilẹ̀ sí àti orúkọ onílẹ̀ wọn. Ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìkànìyàn tó jẹ́ ti ìgbà ìyàn, púpọ̀ ẹ̀ jóná ní Four Courts, ilé ẹjọ́ ní Dublin tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìjọba pamọ́ sí, lọ́dún 1922, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ tún wo dúchas.ie, ìkànnì ìtàn ìbílẹ̀ Ireland, láàárín 1937 sí 1939 wọ́n ní káwọn ọmọ iléèwé lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè ìtàn, ohun tí àwọn ọmọ yẹn fọwọ́ ara wọn kọ lẹ máa kà.