Awọ́nmi ni, kì í ṣe afọ́nmi

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ẹ̀rọ afọ́nmi tó ti darúgbó" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún àwọn sprinkler àtijọ́, irinṣẹ́ tó ń bomi rin koríko ní pápá gọ́ọ̀fù, ẹ kú làákàyè. Mo gba "ẹ̀rọ". Ìyókù ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun tó bá fọ́n, ó fọ́n ká nìyẹn. Ibi tó bọ́ sí ò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ìyá mi tó gbálẹ̀ n'Ítòkò, l'Abẹ́òkúta níbí, omi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wọ́n sílẹ̀, kí eruku má baà sọ. Wọ́n kì í dà á, wọn kì í sì í fọ́n ọn. Iyọ̀ náà, wíwọ́n là ń wọ́n ọn. Ìfarabalẹ̀ wà nínú "wọ́n", iṣẹ́ irinṣẹ́ yìí gan-an sì nìyẹn: wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ káàkiri pápá, kí omi ọ̀kan lè dé ìdí èkejì. Bí páìpù bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀, ipá omi á dínkù, omi ò ní débẹ̀ mọ́, koríko àárín á sì gbẹ. "Ìbomirin" dára fún iṣẹ́ náà lápapọ̀, bí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò Ògùn ṣe ń ṣe lọ́gbẹlẹ̀. Orúkọ irinṣẹ́ là ń wá.

Ẹnìkan lè ní "omi wọ́n" ló máa wá sọ́kàn èèyàn. Lóòótọ́ ni, ọ̀wọ́n omi kò sì ṣàjèjì sí wa. Àmọ́ "a" tó wà níwájú ti yanjú ìyẹn: bí apẹja ṣe ń pẹja, bẹ́ẹ̀ ni awọ́nmi ń wọ́nmi.

"Darúgbó" ló dùn mí jù. Èèyàn àti ẹranko ló ń darúgbó; aṣọ àti páìpù, gbígbó ni wọ́n ń gbó. Púlọ́ńbà kan tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ní pápá kan nílùú yìí sọ fún mi pé: "Rọ́bà inú ẹ̀ ti gbó, iyanrìn ti dí asẹ́ ẹ̀, fáàfù ẹ̀ ti há." Ọ̀kan ń fẹ́ pààrọ̀, ọ̀kan ń fẹ́ fífọ̀, ọ̀kan ń fẹ́ títú palẹ̀. Ní Abẹ́òkúta níbí, tí òkúta kì í jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò páìpù jìn, ẹ fi "bẹ́" kún un, torí páìpù tí kò bá jìn nílẹ̀ lè tètè bẹ́. Tí a bá kó gbogbo èyí sábẹ́ "darúgbó", ibo ni alátùnúnṣe fẹ́ mú?

"Ẹ̀rọ awọ́nmi tó ti gbó" ni mo fara mọ́. Ẹ sì jẹ́ ká fi "ìtọ́jú" sílẹ̀ fún ohun tí à ń ṣe kó tó bàjẹ́, ká fi "àtúnṣe" fún ìgbà tó bá ti bàjẹ́ tán.