Ṣé kí n gun Ubuntu ní ìpele-ìpele ni, àbí kí n to tuntun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí kọ̀ǹpútà. Sáfà kan ṣoṣo tí a ń kó àkọsílẹ̀ ọjà wa sí ṣì wà lórí Ubuntu 20.04, ẹ̀dà àtijọ́ ti ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, èyí tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ gbogbogbòò ti parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ubuntu Pro, ìforúkọsílẹ̀ tó ń fi kún ọdún àtúnṣe ààbò, lè fà á dé ọdún 2030, ṣùgbọ́n aṣọ alábùlẹ̀ ni mo ka ìyẹn sí. Bí mo bá fẹ́ dé ẹ̀dà 24.04, tí yóò máa rí àtúnṣe títí di 2029, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba 22.04 kọjá, bẹ́ẹ̀ PHP 7.4, ẹ̀dà èdè kọ̀ǹpútà tí a fi kọ ètò wa, kò sí nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa gùn ún bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí n to 24.04 sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí n dán ètò wa wò níbẹ̀ ná kí n tó kó dátà lọ?