Pẹ́pẹ́yẹ odò Ẹ̀rìnlẹ̀: ẹ bá mi wò ó, ibo ni mo ti ṣì í?

Rẹ́wáyà_OldGarage

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọdẹ ilé àti ọdẹ oko. Iṣẹ́ wáyà mọ́tò ni mò ń ṣe ní Old Garage l'Óṣogbo níbí, ṣùgbọ́n ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ìbọn ẹlẹ́nu kan tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣọdẹ. Ẹran ilẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹyẹ omi kò ju ọdún mẹ́ta lọ tá a dáwọ́ lé e. A ti fẹnu kò láàárín ara wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ odò nígbà òjò, torí ìgbà náà ni wọ́n ń pamọ tí wọ́n ń kó ọmọ kiri. Ó di Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá.

Ọ̀rọ̀ tèṣí ló ń dùn mí. Láti ìparí oṣù Kẹwàá ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ sí etí dáàmù Ẹ̀rìnlẹ̀ lápá Èdè, bí mo bá ti ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan bọ̀. Aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀ ni mo máa ń débẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ báyìí, mẹ́rìnlélógójì, ọjọ́ báyìí, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Wọ́n á tò sórí iyanrìn tí omi ti fà kúrò lórí rẹ̀, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, ojú funfun báláú bí ẹni tó kun àtíkè, ọrùn dúdú, wọ́n á nà ró bí ọmọ iléèwé tó ń kọrin àárọ̀. Bí mo bá ti pa ọ̀kadà, àwọn tó wà létí á kọ́kọ́ gbórí sókè. Ọ̀kan á súfèé, fì-fì-fíù, òmíràn á gbà á, kó o tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti gbéra. Inú mi a sì máa dùn. Mo ní iṣẹ́ ti parí, a ti mọ ilé wọn.

Sátidé pé. Aago mẹ́rin ìdájí la ti jáde. A ti ra ọta, a ti ra bàtà rọ́bà l'Ígbọ̀nà, a bọ́ sínú àbàtà, omi kún bàtà ẹnì kan nínú wa dé orúnkún. Ilẹ̀ mọ́. Lékelèké méjì. Àwọn lékelèké ọ̀hún tilẹ̀ ń wò wá bí ẹni pé àwa ni wọ́n wá ṣọ́. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ò bi mí ní nǹkan kan. Pọ̀nmọ́ ti wà nínú ọbẹ̀ kí n tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? Ṣé wọ́n ti ṣí lọ ni, àbí èmi ni mo lé wọn? Oṣù Kọkànlá la wà yìí, ọjọ́ ti ń súnmọ́. Ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn lórí èyí: mo rí bíi mẹ́jọ tó bà sí odò Ọ̀ṣun lẹ́bàá igbó òrìṣà, ibẹ̀ ò sì jìnnà sílé mi. Ẹyọ kan sì wà ní Ẹ̀rìnlẹ̀ tó tóbi tó tòlótòló, ara rẹ̀ dúdú tó ń dán, inú rẹ̀ funfun, iwájú orí rẹ̀ pupa. Kí nìyẹn?

Ọdẹ_Ìlobùú

Rẹ́wáyà, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo rẹ́rìn-ín, má bínú. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ìwọ ò tiẹ̀ tíì rí ẹran tó o máa fi ṣahun.

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun, má gbé ìbọn débẹ̀, má gbé kànnàkànnà débẹ̀. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀. Ìwọ ọmọ Òṣogbo lò ń bi èmi ará Ìlobùú? Ọdẹ mà ni Tìmẹ́hìn tó kọ́kọ́ débi odò yẹn. Ọdún 2005 ni UNESCO ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀, èèwọ̀ ti wà ńlẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àwọn mẹ́jọ tó o rí yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ, wọ́n mọ ibi tí wọ́n sá wọ̀.

Èyí tó tóbi, ẹ̀gún wà ní orígun apá rẹ̀. Mo ti gbá ọ̀kan mú láàyè rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó fi apá gbá mi, àpá rẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́ òsì mi dòní.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gan-an. Aago mẹ́sàn-án tó o ń lọ yẹn, oorun ni wọ́n ń sùn. Ẹyẹ yìí, òru ló ń jẹun jù. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí ojú ọ̀run ṣì pọ́n díẹ̀, wọ́n á gbéra lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí oko ìrẹsì, tàbí ibi tí òṣíbàtà àti koríko omi bá pọ̀ sí. Ìdájí ni wọ́n á tó padà. Ìwọ wá ń lọ bá wọn nínú yàrá lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọ̀kadà tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti bẹ́. (Mi ò rí ọ̀kadà rẹ o, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀kadà Old Garage.) Ta ló máa sùn síbi tí wọ́n ti ń wá jí i láràárọ̀?

Èmi kì í dé etí omi rárá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ, màá jókòó sídìí igi kan tó jìnnà, n ò ní tan iná, fóònù á wà ní pípa. Bí wọ́n bá gbéra, n ò ní ka iye wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni màá máa wò: ṣé orí ọ̀pẹ yẹn ni wọ́n gbà, àbí wọ́n tẹ̀lé ipadò? Lọ́jọ́ kejì, ibi tí wọ́n ti pòórá mọ́ mi lójú lánàá ni màá lọ jókòó sí. Lọ́jọ́ kẹta, màá tún sún síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe títí màá fi dé oko tí wọ́n ń bà sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ wo ẹrẹ̀ ibẹ̀: ìyẹ́ wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ tútù, ojú ẹsẹ̀ ìka mẹ́ta, awọ tó so wọ́n pọ̀ á hàn nínú ẹrẹ̀ bí ewé tí wọ́n tẹ̀ mọ́ amọ̀. Bí ẹrẹ̀ etí rẹ̀ bá ti gbẹ, ti àná kọ́ nìyẹn. Agbedeméjì ibi oorun àti ibi oúnjẹ lọdẹ ń gẹ̀gùn sí. Ibi oorun, o ò gbọdọ̀ yìnbọn síbẹ̀ láéláé. Ọjọ́ tó o bá dán an wò, o ti pa ọdẹ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn nìyẹn, fún ìwọ àti àwa tó kù.

Ẹ̀rìnlẹ̀ fúnra rẹ̀, ọdẹ ni kó tó di odò. Má dójú tì wá nínú omi rẹ̀.

Ọmọ_ÒkèFìà

Bàbá, ẹ ṣé o, ẹ pẹ́ fún wa. Òkè-Fìà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Minnesota lÁmẹ́ríkà ni mo ń gbé, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kó mi wọ ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ibi oorun yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń kì mí nílọ̀ níbí. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé gúùsì tiwọn, ìbátan pẹ́pẹ́yẹ tó tóbi jù ú lọ, ọ̀sán ló ń jẹun. Láàárọ̀ wọ́n á kúrò lórí adágún lọ sí oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè, wọ́n á padà wá sinmi, wọ́n á tún lọ nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọkọ̀ la máa ń wà kiri ojú ọ̀nà eléruku, awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni lójú. Oko tí wọ́n bà sí nírọ̀lẹ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá lé wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń padà sí láàárọ̀. A ò sì ní wọ inú oko náà o. A máa wá ẹni tó ni ín lọ, a máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kan ilẹ̀kùn, ajá ló dá mi lóhùn. Bàbá olóko jáde, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé aṣọ òtútù tí mo ní nìyí. Ó gbà fún mi ṣá, ó tún yá mi ní fìlà.

Òfin pọ̀ níbí. Ìjọba ló ń dá ọjọ́ tí ọdẹ máa bẹ̀rẹ̀. Sítáǹbù kan wà tí a gbọ́dọ̀ rà, ọdún 1934 ni wọ́n ti ń tà á, dọ́là 25 ni báyìí. Ìbọn ò gbọdọ̀ gbà ju ọta mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà lójúmọ́ ni ti ẹnì kan, o ò sì gbọdọ̀ da àgbàdo sílẹ̀ fi tàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò kàn yín. Èyí tó kàn yín ni ọta. Láti 1991 ni wọ́n ti fòfin de ọta òjé fún ẹyẹ omi káàkiri Amẹ́ríkà. Òjé tó bá rì sísàlẹ̀ omi, pẹ́pẹ́yẹ á gbé e mì mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó fi ń lọ oúnjẹ nínú iwe, á sì máa pa á díẹ̀díẹ̀. Irin la ń lò níbí, irin sì le jù fún ẹnu ìbọn àtijọ́ míràn, ẹ̀gbọ́n Rẹ́wáyà, ẹ má kàn sáré rà á fún ìbọn Bàbá yín. Ṣùgbọ́n ẹ má kọjú ìbọn sójú omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi Ẹ̀rìnlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń fà wá sí Òṣogbo, ìyá mi ń mu ún.

Ẹlẹ́gùn-ún apá yẹn, gúùsì ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ó máa ń jẹ kòkòrò kan tí oje rẹ̀ ń bó ènìyàn lára, májèlé kòkòrò náà sì lè wà nínú ẹran rẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?

Ìyá_Onírẹsì

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ọdẹ. Gbogbo yín ń pe "oko ìrẹsì, oko ìrẹsì" bí ẹni pé ó hù fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ni ọ̀kan nínú oko tí pẹ́pẹ́yẹ yín ń wá jẹ.

Mo máa ń gbọ́ wọn kí n tó rí wọn. Ìfé á kàn máa dún lókè nínú òkùnkùn. Ọjọ́ tá a bá fọ́n irúgbìn ni wọ́n ń dé, àfi bí ẹni pé a ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti so rìbọ́nù kásẹ́ẹ̀tì mọ́ igi yí oko ká, tí atẹ́gùn bá fẹ́ á máa dún wìrììrì. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi bẹ̀rù rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì fújì ọkọ mi ni, kò sì tíì dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ò ba nǹkan jẹ́ tó ọdẹ. Tèṣí, àwọn kan wọlé lóru láìkí ẹnì kan. Wọ́n tẹ ògiri ẹrẹ̀ tí mo fi sé omi, ó ya, omi oko mi ṣàn lọ kílẹ̀ tó mọ́. Èèpo ọta pupa méje ni mo ṣà. Nígbà tí ìbọn dún, èmi àti àwọn ọmọ dojú bolẹ̀ nínú abà, a rò pé ajínigbé ti dé. Ọmọ mi obìnrin ò tún sùn sóko mọ́ láti ọjọ́ náà. Rẹ́wáyà, ṣé ẹ̀yin kọ́?

Bí ẹ bá fẹ́ wá ṣọ́ wọn, ẹ wá kí Baálẹ̀, ẹ wá kí èmi náà, lọ́sàn-án gangan, láìgbé ìbọn. Ìrẹsì mi á ti kúrò nílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá já bọ́ sínú oko mi, itan kan tèmi.

Rẹ́wáyà_OldGarage

Ìyá wa, àwa kọ́ o, mo fi Ògún búra. Àwọn lékelèké méjì yẹn lè jẹ́rìí mi. Ẹ kú ìrọ́jú, mo máa wá.

Rẹ́wáyà_OldGarage (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ)

Mo ti lọ. Mo gbé obì lọ bá Baálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bi mí ní orúkọ bàbá mi, ó wá jẹ́ pé wọ́n ti jẹ ẹran tí bàbá mi pa rí. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ọdún pípẹ́ gbà wá ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá. Páǹpù tí wọ́n fi ń fa omi kì í tan dáadáa. Wáyà kan ló ti jó lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnì kan fi láílọ́ọ̀nù so. Mo tún un so. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì tuntun kóńgò kan. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Abúlé ni mo gbé ọ̀kadà sí. Mo fẹsẹ̀ rìn, mo jókòó sídìí igi ìgbá kan, ó jìnnà sómi dáadáa. Ẹ̀fọn jẹ mí, n ò gbá a. Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, n ò tíì rí nǹkan kan, mo ti ń ronú oníbàárà tó fẹ́ gba mọ́tò rẹ̀ láàárọ̀. Ni ìfé bá dún, ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjá lórí mi gan-an, wọn ò ga rárá, mo gbọ́ ìyẹ́ wọn tó ń gé atẹ́gùn fẹ̀ẹ́-fẹ̀ẹ́-fẹ̀ẹ́, ọ̀wọ́ kan, ọ̀wọ́ kejì, ọ̀wọ́ kẹta. Ìwé kékeré yẹn wà lápò mi, n ò rántí ẹ̀. Àárín ọ̀pẹ méjì kan ni gbogbo wọn gbà, èyí tí mànàmáná ti gé orí ọ̀kan. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀pẹ kan náà.

Bàbá Ìlobùú, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé orí igi ni kí n gẹ̀gùn sí, àbí kí n jókòó nílẹ̀?

Ọdẹ_Ìlobùú

Ilẹ̀. Kí o sì tún sàlẹ́ńsà yẹn ṣe.