“Ojúlówó” kò tó fún lẹ́ńsì àtijọ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè, ẹ sì kú òjò.

Mo ti ka àbá tí ará wa tó ń kọ̀wé láti Oǹdó gbé kalẹ̀. Ó ní kí á máa pe lẹ́ńsì kámẹ́rà àtijọ́ tó bá dára ní “ojúlówó”, kí á lo “mímú” fún bí fótò rẹ̀ ṣe ń hàn tó, kí á sì pe kiní funfun tó máa ń hù sínú dígí rẹ̀ ní “olú”. Inú mi dùn pé ẹnìkan tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán níbí l'Ákùúrẹ́ ń ra irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀, torí owó tuntun kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ lè dá. Tòkunbọ̀ ayé fíìmù ni apá wọn ká: Helios, Pentacon, Takumar, àwọn tó jẹ́ pé ọwọ́ lèèyàn fi ń yí wọn kí àwòrán tó dúró. Wọ́n ń rà á, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi bi ẹni tó ń tà á léèrè.

“Ojúlówó” ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Bí a bá ní aṣọ òfì kan jẹ́ ojúlówó, ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe ayédèrú. A kò tíì sọ bóyá eku ti jẹ ẹ́. Helios 44-2 tí wọ́n ṣe ní Krasnogorsk láyé Sófíẹ́ẹ̀tì, ojúlówó ni títí ayé. Ara lẹ́ńsì Biotar ti iléeṣẹ́ Carl Zeiss ní Jámánì ni wọ́n ti mú ìlànà dígí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn ìdílé. Ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ nínú àpò aláwọ ní yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, fótò rẹ̀ lè máa ṣe bàìbàì. Ẹni tó tà á tó ní “ojúlówó ni” kò purọ́, ẹni tó rà á sì ti sọ owó nù. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi gba owó ẹlòmíràn láìpa irọ́ kankan, kò yẹ kí á fà á lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.

Lójú tèmi, ohun méjì ló ń há sínú “dára” tó yẹ kí á yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ipò tí lẹ́ńsì wà lónìí, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un: ara rẹ̀ dá, tàbí ara rẹ̀ kò dá. Èkejì ni ohun tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ríran àti ohun tó máa ń fi ẹ̀yìn àwòrán dá. Ìyẹn ni kí á máa pè ní ìwà rẹ̀. Ìwà lẹ́ńsì kan lè wu èèyàn kí ara rẹ̀ má dá. Ara òmíràn lè dá ṣáṣá kí ìwà rẹ̀ máà ní láárí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ ṣí ìdérí iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ yí òrùka dé f/2 kí ojú rẹ̀ là tán (bí nọ́ńbà f/ bá ṣe ń ga sí i ni ojú rẹ̀ ń kéré sí i), kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Eruku á máa tàn wínníwínní. Ẹ fojú fo ìyẹn, eruku díẹ̀ kì í hàn nínú fótò. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tó ń torí eruku kọ lẹ́ńsì tó dára. Bí inú dígí bá funfun kárí, tí ìmọ́lẹ̀ ń fọ́n ká nínú rẹ̀, kùrukùru nìyẹn, n kò sì rí ìdí tí a fi máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Bí etí rẹ̀ bá ń dán láwọ̀ òṣùmàrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù tó lẹ dígí méjì pọ̀ ló ti ń tú. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí òrùka lọ sí f/16, kí ẹ wo àwọn ewé irin tó ń pa ojú rẹ̀ dé. Òróró lára ewé Helios 44-2 kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ọwọ́ yín ló ń yí wọn. Ti Pentacon 50mm f/1.8, tó jẹ́ pé ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé fúnra rẹ̀ wéré, ni òróró máa ń mú lẹ̀ mọ́ra.

Tí ẹ bá wá rí fọ́nrán tó ya ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn, ibẹ̀ ni ará wa ti ní kí á pè é ní olú. N kò gbà. Olú ni à ń ká, tí à ń sè. Búrẹ́dì tó pẹ́ nílé, à ń ní ó ti bu. Bàtà aláwọ tí a gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà òjò, ó ti bu. Ohun kan náà ló ń ṣe dígí, ohun kan náà ló sì fà á: ọ̀rinrin, òkùnkùn, àti afẹ́fẹ́ tí kì í lọ tí kì í bọ̀. Ìpínlẹ̀ wa sì kún fún ọ̀rinrin. “Lẹ́ńsì yìí ti bu” yé ìyá arúgbó, ó sì yé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ó ṣeé wọ̀n: ó ti ń bu létí, ó ti bu dé àárín. Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí á fún ní orúkọ tirẹ̀. Kiní tó bu yẹn máa ń tú omi kíkan jáde, omi náà sì lè jẹ ìpara tí wọ́n fi bo ojú dígí, kó jẹ dígí gan-an. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè nù ún kúrò, ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ á ṣì wà níbẹ̀. Àpá nìyẹn. Nítorí náà ìbéèrè méjì ni kí oníbàárà máa bi: ṣé ó ti bu? Ṣé ó ti bu rí, tí wọ́n nù ún?

“Mímú” ló fa àròjinlẹ̀ jù fún mi. Ọ̀bẹ ń mú, ojú ń mú. N kò tíì gbọ́ kí ìyá kan ní Ọjà Ọba gba fótò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kó ní “ó mú”. “Ó mọ́”, “ó já gaara” ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀ n kò ní kí á da mímú nù, torí ohun méjì ni, lẹ́ńsì àtijọ́ sì ni yóò fi hàn yín pé méjì ni. Ẹ gbé ẹnìkan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ yà á pẹ̀lú Helios ní f/2. Ẹ fẹ àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà: ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo fótò náà lódindi, dúdú rẹ̀ kò dú, ó dà bíi pé wọ́n ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, torí ìpara ojú dígí ìgbà yẹn kò lè dá ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dúró kó má ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún nínú lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì náà mú. Fótò rẹ̀ kò já gaara. Ẹ yí i lọ sí f/5.6, gaara náà á dé. Fótò fóònù wá jẹ́ òdìkejì: ó máa ń já gaara, ẹ fẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ rí bí irun ṣe di ọ̀kan. Nítorí náà kí lẹ́ńsì máa mú, torí ojú ni lẹ́ńsì, kí fótò máa já gaara.

Ẹ tún wo bí ara àti ìwà ṣe wúlò níbí. Ẹ ya ògiri búlọ́ọ̀kù tó tẹ́jú, kí ẹ dúró gbọnin níwájú rẹ̀, ní f/2. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣe bàìbàì bákan náà, ìwà rẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Bí apá ọ̀tún bá mú tí apá òsì kò mú, ara rẹ̀ ni kò dá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti tú u kó má tò ó padà dáadáa. “Ojúlówó” kò lè ṣe ìyàtọ̀ yìí fún yín.

Ọ̀rọ̀ pé lẹ́ńsì “kò ríran jìnnà” ń kọ́? Ẹ dúró nísàlẹ̀ Òkè Ìdànrè, kí ẹ yí i dé ibi àmì àìlópin (∞), ìyẹn ibi tí ohun tó jìnnà jù ti ń hàn. Bí téńté òkè kò bá mọ́, ẹ má tíì dá lẹ́ńsì lẹ́bi. Àwọn lẹ́ńsì onískúrù M42, irú ẹnu tí àwọn Helios àti Takumar wọ̀nyí ní, fẹ́ kí àlàfo 45.46mm wà láàárín ẹnu wọn àti ibi tí àwòrán ń jókòó sí. Ti kámẹ́rà Canon EF jẹ́ 44mm, òrùka irin pẹlẹbẹ á dí ìyókù. Ti kámẹ́rà Nikon F jẹ́ 46.5mm, ó ti jìnnà jù kí wọ́n tó fi òrùka sí i rárá. Kì í ṣe ara, kì í ṣe ìwà. Wọn kò bá ara wọn mu ni. “Ìbámu” ti tó.

Takumar 50mm f/1.4 tó ti di pupa rúsúrúsú náà, ẹ má pè é ní aláìsàn. Thorium, irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde, tó wà nínú dígí irú rẹ̀ kan ló fà á, bí a bá sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó máa ń rọ̀.

Èyí tó kù tí n kò tíì rí orúkọ fún ni ti ewé igi tó máa ń dà bíi pé ó ń yí po lẹ́yìn ẹni tí a fi Helios yà. Mo ń rò ó pé kí á pè é ní ààjà: “lẹ́ńsì yìí máa ń fẹ́ ààjà sẹ́yìn”. Ẹ̀gbọ́n kan l'Ákùúrẹ́ níbí kọ̀ jálẹ̀, ó ní ààjà a máa gbé èèyàn lọ, kò yẹ kí á fi í sẹ́yìn ìyàwó nínú fótò ìgbéyàwó. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ so gbólóhùn kan mọ́ ọn tí a máa fi gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tó ń tajà.