Mọ́mì mi ní kí ni yunifásítì fẹ́ kọ́ mi nípa èèyàn tóun ò mọ̀

ọmọ_ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ọdún kejì ni mo wà nínú saikọ́lọ́jì, sáà yìí la bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní social psychology, bí èèyàn ṣe ń ronú tó sì ń hùwà láàárín èèyàn. Mọ́mì mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, àwọn náà ló ń san owó ilé ìwé mi. Nígbà tí mo délé lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí la ń kọ́, mo ṣàlàyé, wọ́n wò mí, wọ́n ní "ṣé ohun tí mo ti ń rí lójú kọ́sítọ́mà kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà náà ni mò ń sanwó ẹ̀?" Wọn ò bínú o, wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò rí èsì gidi fún wọn, ó sì ń dùn mí torí mo fẹ́ràn kọ́ọ̀sì yìí gan-an. Òótọ́ ni pé wọ́n mọ èèyàn, tí ẹni tó máa rà bá ti fọwọ́ kan aṣọ báyìí wọ́n ti mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á jáde, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà ńbẹ̀ tí mọ́mì mi ò ní?

ẹ̀gbọ́n_aṣerò:
Àbúrò, má bá mọ́mì ẹ jiyàn, wọ́n mọ èèyàn lóòótọ́. Ohun tí ilé ìwé fi kún un ni pé a máa ń dán ohun tá a rò pé a mọ̀ wò. Gbogbo wa là ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Tí àgbà bá wá pọ̀ lọ́jà ńkọ́? Lọ́dún 1964 wọ́n pa ọmọbìnrin kan ní New York, Kitty Genovese, ìwé ìròyìn gbé e pé èèyàn 38 ló ń wò ó tí wọn ò ṣe nǹkan kan (wọ́n padà rí i pé àbùmọ́ wà ńbẹ̀ o), ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì méjì, John Darley àti Bibb Latané, lọ ṣe ìwádìí. Wọ́n fi sítúdẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sí yàrá ọ̀tọ̀ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìgbà tó yá ohùn ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bíi ti ẹni tí wárápá mú, wọ́n ti ká a sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló sáré jáde lọ pe èèyàn kí ohùn náà tó dákẹ́. Àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin míì tún ń gbọ́, ìdá 31 péré! 1968 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìkà kọ́ o, ọwọ́ àwọn tó jókòó yẹn ń gbọ̀n, kálukú kàn ń rò pé ẹlòmíì á ti lọ ni.

Mo rí i fúnra mi ní Lafẹ́nwá, ọ̀kadà gbá ìyá kan, èèyàn pé lé wọn lórí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rántí ohun tí mo kà, mo nawọ́ sí bọ̀dá kan, mo ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ búlúù, ẹ wá bá mi gbé wọn", ojú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú àwọn mẹ́ta míì ti dara pọ̀. Ohun tí kọ́ọ̀sì yẹn fún mi nìyẹn.

àǹtí_nọ́ọ̀sì:
Kí n fi ti ilé kún un. Ọmọ Abẹ́òkúta ò lè máa kọ́ nípa àjọṣe èèyàn kó má mọ Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ìlú yìí ni wọ́n bí wọn sí ní 1923. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Àrò ní 1954, dípò kí wọ́n máa ti aláìsàn mọ́ wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kó máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà lágbègbè ibẹ̀, àmọ́ kò lè dá wá, mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, tó máa máa se oúnjẹ fún un, tó máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀ kí wọ́n tún jọ padà. Wọ́n pe oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Bíbá èèyàn gbé gan-an di ara ìtọ́jú! Mo máa ń rò ó lẹ́nu iṣẹ́ tí mo bá rí aláìsàn tẹ́nì kankan ò wá wò.

ọmọ_ìtòkú:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé àǹtí. Mo sọ ti yàrá yẹn fún mọ́mì lálẹ́ àná, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní ọjọ́ tí iná ràn mọ́ ìsọ̀ kan lọ́jà, gbogbo wọn ló ń pariwo, kò sẹ́ni tó pe panápaná torí kálukú rò pé ẹlòmíì á ti pè wọ́n. Wọ́n wá bi mí pé tó bá jẹ́ àwọn tó mọra wọn ni wọ́n kó síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dán ìyẹn náà wò?

ẹ̀gbọ́n_aṣerò:
Wọ́n ti dán an wò. Latané náà ni, òun àti Judith Rodin, 1969, ọ̀rẹ́ méjì máa ń dìde ṣèrànwọ́ ju àjèjì méjì lọ. Àmọ́ sítúdẹ́ǹtì Amẹ́ríkà nìyẹn, ìsọ̀ Ìtòkú tẹ́nì kan ti mọ ìyá ìyá ẹnì kejì kọ́. Má sá fún sítátísíìkì o, wàá nílò ẹ̀ tó o bá fẹ́ fi ṣe project. Bá mi kí mọ́mì, sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn dáa gan-an.