Ṣé lóòótọ́ ni sọ́bùmaríìnì Jámánì dé ẹnu ọ̀sà Èkó nígbà ogun Hítílà?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi láti Sátidé tá a ṣe ìrántí bàbá bàbá mi. Nígbà tí wọ́n wà láyé wáàfù Apápá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé nígbà ogun Hítílà àwọn Jámánì gba abẹ́ omi wá gbin bọ́ǹbù sẹ́nu ọ̀sà wa níbí, pé ọkọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló kó sí i, ó sì rì. Tí wọ́n bá ti dé ibi tí ọkọ̀ yẹn rì, wọn a ṣí fìlà, wọn a gbé e lé orókún, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní Sátidé yìí mo wá sọ ìtàn náà láàárín ẹbí, ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ní irọ́ ni, pé àwọn àgbà kàn ń fi dẹ́rù ba ọmọdé ni, pé Bọ́mà làwọn ọmọ wa ti lọ ja ogun Hítílà, ogun ò dé Èkó rárá. Wọ́n ní báwo ni ọkọ̀ ṣe máa gba abẹ́ omi láti Jámánì dé ibí, ibo ló ti máa rí epo? Mi ò rí èsì fún wọn. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó jọ̀ọ́ bá mi dá sí i, torí ó dùn mí pé wọ́n pe bàbá bàbá mi ní òpùrọ́ lọ́jọ́ ìrántí wọn.

Àlàní Atúkọ̀ fèsì pé:

Àbúrò mi, bàbá bàbá yín ò purọ́ o, ẹ bá mi fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín pé ó ṣẹlẹ̀. Sọ́bùmaríìnì tó gbin bọ́ǹbù náà, ìyẹn ọkọ̀ ogun tó ń wọ abẹ́ omi, ní orúkọ, U-69 ni. Ìlú Kiel ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án, oṣù Kọkànlá 1940 ló wọṣẹ́, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú irú tí wọ́n ń pè ní VIIC tó padà wá pọ̀ jù nínú gbogbo sọ́bùmaríìnì wọn. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá o, gígùn ẹ̀ ò ju mítà 67 lọ, bíi bọ́ọ̀sì mẹ́fà tó tò tẹ̀ léra wọn, èèyàn bí i 45 ló sì ń há ara wọn mọ́ inú ẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Ilé ìgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra oúnjẹ ni wọ́n máa ń kó kún ọ̀kan, gbogbo wọn á wá máa to ìlà síwájú ẹyọ kan tó kù.

Ìbéèrè ti epo tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín béèrè yẹn, ìbéèrè gidi ni. Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe abẹ́ omi ló gbà wá. Orí omi ni wọ́n máa ń rìn jù, dísù ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń mu lórí omi, tí wọ́n bá wá wọlẹ̀ bátìrì ni wọ́n ń lò, bátìrì yẹn kì í sì í pẹ́ kó tó kú, wọ́n á tún ní láti jáde wá cháàjì ẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, Jámánì ti gba Faransé nígbà yẹn, etíkun Faransé làwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń gbéra, ìyẹn sì ti gé ọ̀nà kúrú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọkọ̀ epo tó ń sá pamọ́ káàkiri láàárín òkun tó ń bu epo fún wọn.

Oṣù Karùn-ún 1941 ni U-69 forí lé ọ̀dọ̀ wa, Jost Metzler ni kápúténì ẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn ó dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan dúró, Robin Moor, tó gbéra ní New York tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà àti Mòsáńbíìkì. Amẹ́ríkà ò tíì sí nínú ogun nígbà yẹn o! Metzler ní ẹrù inú ẹ̀ lè ran ọ̀tá òun lọ́wọ́, ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ó wá fọ́n ọkọ̀ náà ká. Ó fún wọn ní búrẹ́dì àti bọ́tà díẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò kú nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò, ọkọ̀ kékeré kan nínú wọn lo ọjọ́ 18 lójú agbami kí ọkọ̀ Bùràsíìlì kan tó rí wọn tó gbé wọn lọ sí Recife. Ọ̀rọ̀ náà dìtàn, Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn fúnra ẹ̀ kọ̀wé sí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀.

Ìyẹn ò dá Metzler dúró. Ìparí oṣù yẹn ló dé Takoradi ní Gold Coast, tó ń jẹ́ Gánà báyìí, ó gbin bọ́ǹbù síbẹ̀, ó gba ibẹ̀ wá sí Èkó, ó gbin sí tiwa náà. Nígbà tó ń padà lọ ó tún rí ọkọ̀ Sangara tó fìdí kalẹ̀ síwájú Àkírà, ó yìn ín ní tọ́pídò, ìyẹn bọ́ǹbù tó ń sáré nínú omi.

Kí ló fa Takoradi àti Èkó? Ojú ọ̀nà ni. Ìgbà yẹn ọkọ̀ òfúrufú táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń jà ní Íjíbítì, inú àpótí ni wọ́n ń kó o wá sí Takoradi nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á tò ó níbẹ̀, á wá fò wá sí Èkó, á gba Kánò, Máídúgùrì, Khartoum, títí dé Káírò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló gba ọ̀nà yẹn kọjá. Tẹ́ ẹ bá dí ẹnu ọ̀nà yẹn ẹ ti ṣe Gẹ̀ẹ́sì lọ́ṣẹ́ ńlá.

Ọkọ̀ tí bàbá bàbá yín ń ṣí fìlà fún, dírẹ́jà ni, ọkọ̀ tó ń kó yanrìn kúrò nísàlẹ̀ omi. Robert Hughes lorúkọ ẹ̀. 4 oṣù Kẹfà 1941 ló kó sí bọ́ǹbù tí U-69 fi sílẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí dírẹ́jà fún ọdún mẹ́rin nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó, ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀sà yẹn kì í gbé jẹ́jẹ́, òkun ń gbé yanrìn wá lójoojúmọ́, tí wọn ò bá kó o kúrò ọkọ̀ ńlá ò ní lè wọlé. Iṣẹ́ dírẹ́jà nìyẹn, ó ń lọ ó ń bọ̀ lójú kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, páìpù ẹ̀ nílẹ̀ bí ìmú erin, ẹ máa gbọ́ tí òkúta kéékèèké ń han wíwíwí nínú páìpù, ẹrẹ̀ dúdú á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ọkọ̀ ogun máa ń sáré kọjá, dírẹ́jà ò lè sáré. Ibi tí wọ́n gbin bọ́ǹbù sí gan-an ni ọ́fíìsì ẹ̀.

Dékúnlé Mushin fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n Àlàní. Ìbéèrè tèmi ni pé báwo ni bọ́ǹbù yẹn ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀? Mo rò pé bọ́ọ̀lù oníwo yẹn ni, tó máa ń léfòó tí ọkọ̀ á wá forí gbá.

Àlàní Atúkọ̀ fèsì pé:

Rárá o Dékúnlé, oníwo yẹn yàtọ̀. Irú èyí tó ń gba ojú ihò tọ́pídò jáde ni, á lọ sùn sísàlẹ̀ pátá nínú ẹrẹ̀, kò fojú hàn. Òòfà ló ń lò. Irin gbogbo ara ọkọ̀ ní agbára òòfà tirẹ̀, tó bá ti gba òkè ẹ̀ kọjá bọ́ǹbù á mọ̀ ọ́n lára, á bú gbàmù lábẹ́ ikùn ọkọ̀. Ọkọ̀ ò fara kàn án rárá. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi wáyà iná mànàmáná yí ara ọkọ̀ ká nígbà yẹn, kí òòfà ara ẹ̀ lè lọ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo gbàgbé. Metzler ò bá epo tó pọ̀ mọ́ nígbà tó ń padà. Gẹ̀ẹ́sì ti mú sọ́bùmaríìnì Jámánì kan, U-110, lóṣù Karùn-ún yẹn kan náà, wọ́n bá ẹ̀rọ Enigma tí wọ́n fi ń kọ àṣírí nínú ẹ̀, láìpẹ́ wọ́n ti ń ṣa àwọn ọkọ̀ epo tó sá pamọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Las Palmas ni U-69 yọ́ wọ̀ lóru, ilẹ̀ Sípéènì tó láwọn ò dá sógun, ibẹ̀ ló ti bu epo nínú ọkọ̀ Jámánì kan kó tó délé.

Àbẹ̀ní St. John's fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Kánádà níbí ni mo rí U-69, ara mi bù máṣọ, torí pé ibí yìí gan-an tí mò ń gbé, wọn ò lè gbọ́ orúkọ ọkọ̀ yẹn kí inú wọn má bàjẹ́. Mi ò tíì mọ̀ rí pé òun náà ló wá sí Èkó wa.

Metzler ti ṣàìsàn kúrò nínú ẹ̀ ní 1941, kíndìnrín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíì gbà á, nígbà tó máa fi di 1942 Ulrich Gräf ló ń wà á. Ní 14 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó yin ọkọ̀ èrò kan tó ń jẹ́ Caribou ní tọ́pídò kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tó máa ń gbé èèyàn láti North Sydney wá sí Port aux Basques ní Newfoundland ni, ìyàwó ilé, ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn sójà tó ń lọ kí ilé. Èèyàn tó lé ní 230 ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó kú lé ní 130. Kápúténì wọn, Benjamin Taverner, bá a lọ, àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà tún bá a lọ. Ọkọ̀ ogun kékeré tó ń ṣọ́ wọn, Grandmère, sáré láti kọ lu sọ́bùmaríìnì náà, ó ti wọlẹ̀ kó tó débẹ̀. Òfin ogun sì ni pé kó kọ́kọ́ máa wá ọ̀tá, kó tó padà wá ṣa àwọn tó wà nínú omi. Omi oṣù Kẹwàá ní ibí!

Èmi àtàwọn ọmọ mi ti wọ ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà yẹn, alẹ́ la wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ sùn sórí àga, mo wá jáde síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn gbá mi lójú bí ìgbà tí wọ́n fi àwo yìnyín lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́, omi dúdú kirikiri, ẹ ò ní rí ìmọ́lẹ̀ kankan níbì kankan. Mi ò lè dúró. Mo padà wọlé lọ jókòó ti àwọn ọmọ mi, mo gbé ẹsẹ̀ èyí tó kéré jù lé itan mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Dékúnlé Mushin fèsì pé:

Olúwa ó. U-69 yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́, kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí i?

Àlàní Atúkọ̀ fèsì pé:

Ó rì. 17 oṣù Kejì 1943, lágbami ìhà ìlà oòrùn Newfoundland, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Fame ló mú un. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Viscount, ri sọ́bùmaríìnì Jámánì mìíràn, U-201, fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n pààrọ̀ méjèèjì fúnra wọn nínú ìwé, kí wọ́n tó tún un ṣe. Gbogbo àwọn 46 tó wà nínú ẹ̀ ló bá a lọ, Gräf náà wà níbẹ̀. Àbẹ̀ní, ẹ ṣeun, mo mọ̀ nípa Caribou ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Ọmọdé ọdún méjìlélógún, mẹ́tàlélógún ló pọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àánú tiwọn náà máa ń ṣe mí, síbẹ̀ tí mo bá rántí dírẹ́jà yẹn, ọkọ̀ tí kò ní bọ́ǹbù tí kò yìnbọn fún ẹnikẹ́ni, mi ò mọ bí mo ṣe máa pe tiwọn ní akọni.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà kọ ọ́ pé:

Ẹ̀gbọ́n Àlàní, àǹtí Àbẹ̀ní, Dékúnlé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi lálẹ́ àná, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn lórí fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣọ̀wọ́n fún wọn. Nígbà tí mo parí wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, wọ́n wá ní, "Kí lo pe orúkọ dírẹ́jà yẹn?" Mo tún un pè. Wọ́n ní kí n pè é lẹ́tà lẹ́tà, mò ń gbọ́ bírò wọn lórí pépà.

Láàárọ̀ yìí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò bàbá bàbá mi tó wà nínú pálọ̀, wọ́n ti dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Robert Hughes, 4 oṣù Kẹfà 1941.