Oòrùn etí òkun tiwa kì í dúró de ND1000: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará tí a jọ ń gbé kámẹ́rà kiri. Ọ̀rọ̀ fílítà ND ni mo gbé wá, dígí dúdú tí à ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé púpọ̀. Mo fẹ́ kí oníkálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nídìí rẹ̀ létí òkun nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Tarkwa Bay ní Èkó ni, lóṣù Kejìlá. ND1000 ni mo rà, torí òun ni gbogbo fídíò tí mo wò ń yìn. Ohun tí mo ń wá ni pé kí ìgbì tó ń lu òkúta ìdènà omi ibẹ̀ rí bí ìkùukùu, kí òkúta fúnra rẹ̀ sì dúró gedegbe. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá láago mẹ́rin. Mo ri ẹsẹ̀ tripod mọ́ iyanrìn títí ó fi le, mo wá ibi tí mo fẹ́ yà, mo yí fílítà mọ́ ọn, mo sì ń retí.

Àwòrán àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú àáyá 30. Ó dára. Àṣé mo gbàgbé láti pa ètò tí kámẹ́rà fi ń nu àwọn àmì wínníwínní kúrò nínú àwòrán tó bá pẹ́. Bí àwòrán bá gba 30, kámẹ́rà á tún jókòó fún 30 mìíràn kí ó tó gbà kí n ya òmíràn. Nígbà tí yóò fi ṣe tán, ìmọ́lẹ̀ ti lọ sílẹ̀, èkejì sì gba ìṣẹ́jú kan gbáko, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan ìdúró. Ẹ̀kẹta gba méjì. Mo ń wo oòrùn bó ṣe ń rì sínú omi, kámẹ́rà ń rò lọ́wọ́ mi, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Àwòrán mẹ́ta ni mo gbé wálé. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń múra ọjọ́ yẹn.

Mo wá jókòó ṣírò rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ṣe ni oòrùn ń já bọ́ gbọọrọ. Láti ìgbà tí ìdí rẹ̀ bá ti kan omi, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ló fi ń wọlé tán. ND1000 ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní nǹkan bí ìlọ́po 1,000, ìyẹn stop mẹ́wàá (stop kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì): àwòrán tí 1/30 ìṣẹ́jú àáyá tó fún tẹ́lẹ̀ á wá gba 34. ND64, tó jẹ́ stop mẹ́fà, á sọ 1/30 yẹn di ìṣẹ́jú àáyá méjì ó lé díẹ̀. Méjì yẹn gan-an ló bá òkun Èkó mu. Ìgbì wa lágbára. Bí ẹ bá ṣí ojú kámẹ́rà fún 30, gbogbo agbára náà á parẹ́, omi á rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, bí omi ṣe ń fà padà, ẹ máa rí ìlà funfun tí ìfófòó ń fà lórí iyanrìn, lẹ́yọ lẹ́yọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ tún rántí pé gúúsù ni etí òkun Èkó kọjú sí. Lóṣù Kẹfà, ẹ̀yìn ilẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ sí. Nígbà tí ọdún bá ń parí ló ń yà sójú omi, ìgbà yẹn náà sì ni ọyẹ́ ń dé. Eruku ọyẹ́ á bo ìsàlẹ̀ ọ̀run, oòrùn á pọ́n bí ẹyìn, á sì rá mọ́ eruku kó tó kan omi. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, eruku ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ fílítà. ND8 ti tó.

Láti Brighton

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí èmi wà, ND1000 wúlò. Òkú West Pier, afárá ìgbafẹ́ orí omi tó jóná lọ́dún 2003, ni mo máa ń yà, egungun irin lásán tó dúró láàárín omi. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ ló sì fi ń rìn wọlé. Ó ń tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó tán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ṣì wà lójú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́. Mo lè ya mẹ́wàá láìsáré.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni àwọ̀. Fílítà tí mo kọ́kọ́ rà kò wọ́n, ẹni tó tà á fún mi ní kò ní yí àwọ̀ padà. Gbogbo àwòrán pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ìpẹ̀tà. Mo wá mọ̀ pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, kò dí infrared, èyí tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà ń rí. RAW tí mo fi yà á nìkan ló yọ mí, ìyẹn fáìlì tútù tí a ṣì lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa. Ẹni tó fi JPEG, èyí tí kámẹ́rà ti sè tán, ya tirẹ̀ á jìyà.

Láti Salvador, Bahia

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Níbí, ní Farol da Barra, ojú omi Baía de Todos os Santos ni oòrùn ń wọ̀ sí, èrò á sì jókòó sórí koríko níbi ilé iná òkun láti wò ó. Fílítà ND tí à ń yí, tó ń dúdú sí i bí a ṣe ń yí i, ni mo gbé dání. Lẹ́ǹsì mi fẹ̀, mo yí i dé òpin, àgbélébùú dúdú kan ràgàbò sójú ọ̀run nínú gbogbo àwòrán mi. Mo rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Fílítà ni. Látìgbà náà, n kì í yí i kọjá ìdajì pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó bá fẹ̀.

Láti Cotonou

Iyanrìn ni tèmi. Ní Fidjrossè, atẹ́gùn fẹ́ iyanrìn sẹ́nu lẹ́ǹsì, mo sì yí fílítà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ó há. Ilẹ̀ ṣú, mi ò rí i yọ. Nílé, mo fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó wé e lára yíká kí ọwọ́ má baà yọ̀, mo rọra yí i, ó gbà. Ẹ fẹ́ iyanrìn dànù kí ẹ tó nu dígí o, torí ẹni tó bá sáré nù ún á ha á. Omi iyọ̀ náà ń fọ́n sí i lára láìjẹ́ kí a mọ̀. Aṣọ méjì ni mo ń mú dání báyìí.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò kan bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá òun lè fi ND1000 wo oòrùn tààrà nínú ihò kámẹ́rà. Rárá o, jọ̀wọ́! Fílítà tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn ń dín in kù ní ìlọ́po 100,000. Tiwa kò súnmọ́ ọn rárá, ojú lè fọ́. Ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ni kó ti máa wò ó.

Ó ku ẹ̀yin tó ń lo fílítà tó dúdú lókè, tó mọ́ nísàlẹ̀. Igi àgbọn pọ̀ létí òkun wa, orí wọn sì ń ga kọjá ibi tí ọ̀run ti kan omi. Gbogbo ìgbà tí mo bá lò ó, orí àgbọn ló ń dúdú kirimú, tí ìdí rẹ̀ ń mọ́. Kí lẹ ń ṣe sí i?